Bàálù Kan Tó Yé Wa Sàn Ju Márùn-ún Lọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà wa bàálù nílé, ojú ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ra bàálù àdáni. A rí ìyẹ́ tó ń dán àti àga aláwọ, owó oúnjẹ bá a lọ. Lójú tèmi, iwájú awakọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣé àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àbí wọ́n kàn yà wọ́n síbẹ̀ ni? Bí a bá to ọ̀nà ìrìn-àjò sínú rẹ̀, ṣé á tọ̀ ọ́?

Cessna Citation CJ4 wà nínú Microsoft Flight Simulator láti 2020. Citation X wà nínú X-Plane 12. A kì í san owó ọ̀tọ̀ lórí wọn. Ẹ fi èyí tí ẹ ní gbéra l'Ékòó, kí ẹ fi balẹ̀ l'Ábùjá ná. Ẹni tí kò tíì lè ṣe ìyẹn, kí ló fẹ́ fi Challenger 650 ti Hot Start ṣe, bàálù tí kì í gbàgbé bí a ṣe fi í sílẹ̀ lánàá?

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ṣáà mọ̀ pé kíkó ìwé atúmọ̀ èdè jọ kò sọ ẹnikẹ́ni di elédè. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ kọ́ ọ dójú àmì, kí ẹ tó náwó sí òmíràn.