Ẹni Tó Mọ Irin Ni Kó Kọ Àṣẹ fún Ẹ̀rọ

Èrò kan ń jà ràn-ìn láàrin àwọn onílé iṣẹ́ irin wa, pé bí ẹ̀rọ lathe tó ń yí irin fún ọ̀bẹ láti gé, tí kọ̀ǹpútà sì ń darí, èyí tí wọ́n ń pè ní CNC, bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, àgbà òṣìṣẹ́ tó ti ń fi ọwọ́ gé irin láti ìgbà èwe rẹ̀ kò wúlò mọ́, àfi kí a wá ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó, kí a fi í jókòó ti bọ́tìnnì, kí iṣẹ́ sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé èrò yìí kò tọ̀nà, àti pé ilé iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e yóò fi owó gọbọi ra ohun tí yóò máa bá a fi ìyára ba irin jẹ́.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe nǹkan àná. John Parsons, ará Michigan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń ṣe abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà, ló ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi máa tẹ̀ lé nọ́ńbà tí a ti ṣírò sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ yunifásítì MIT ni wọ́n sì gbé èrò náà dé ibi tó fi jẹ́ pé ní 1952 wọ́n fi ẹ̀rọ kan han aráyé tó ń gé irin nípa kíka ihò tí a lu sára ìwé tẹ́ẹ́rẹ́. Lónìí, ihò ara ìwé ti di lẹ́tà àti nọ́ńbà: G00 ní kí ọ̀bẹ sáré lọ láìgé nǹkan, G01 ní kó máa gé lọ gbọọrọ, G02 àti G03 ní kó gé ní ìlà títẹ̀, M03 ní kí irin máa yí, M30 ní kí iṣẹ́ parí. Ọmọ tó ní làákàyè kò ní pẹ́ kọ́ gbogbo èyí, n kò sì bú u bó bá fi í yangàn. Ṣùgbọ́n kíkọ lẹ́tà ọ̀tọ̀, mímọ ohun tí lẹ́tà yóò ṣe sí irin ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú gáìdì fááfù, ọ̀pá kékeré oníhò tí fááfù ń gba inú rẹ̀ lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ààyè tó gbọ́dọ̀ wà láàrin rẹ̀ àti ọ̀pá fááfù kò sábà tó fífẹ̀ irun orí ènìyàn. Bí ó bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì yóò máa jò lọ síbi tí epo ti ń jó, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa tú èéfín aláwọ̀ búlúù. Bí ó bá sì há jù, fááfù yóò gan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Lójú ẹ̀rọ lathe, X ni ìbú irin láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, Z ni gígùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìbú gáìdì jẹ́ mílímítà 14 yóò kọ X14.0, ṣùgbọ́n lórí àwọn ẹ̀rọ kan tí kọ̀ǹpútà Fanuc ń darí, bí ó bá kọ X14 lásán, tó gbàgbé àmì kékeré tó yẹ kó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ lè kà á sí mílímítà 0.014, ọ̀bẹ yóò sì forí lé àárín gbùngbùn irin pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ògún Lákáayé, Ọ̀sìn Imọlẹ̀, kì í bi ẹni léèrè bóyá ó ṣèèṣì ni.

Ọ̀rọ̀ ìyára tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣẹ G96 máa ń mú kí irin túbọ̀ yára yí bí ọ̀bẹ ti ń sún mọ́ àárín rẹ̀, kí ojú gígé lè rí bákan náà láti etí dé inú. Irin tó fẹ̀ tó mílímítà 20, bí a bá fẹ́ kí ara rẹ̀ máa gba ẹnu ọ̀bẹ kọjá ní mítà 150 láàrin ìṣẹ́jú kan, yóò yí tó ìgbà 2,400 nínú ìṣẹ́jú náà. Bí ọ̀bẹ bá gé e dé mílímítà 10, ó di nǹkan bí ìgbà 4,800. Bí ó bá sì dé ojú àárín gan-an, ìṣírò náà kò lópin mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fi G50 dá ẹ̀rọ lẹ́kun. Ìwé ẹ̀rọ yóò sọ ibi tí agbára ẹnu tó di irin mú mọ, ṣùgbọ́n ìwé kò rí irin tòní, bó ṣe wọ́, bó ṣe yọ gùn síta. Àgbà ló rí i.

Àgbà yìí kan náà ló mọ̀ pé a kì í wọn irin gbígbóná. Gáìdì onídẹ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 14, bí ó bá fi ìwọ̀n 40 Celsius gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò fi bíi mílímítà 0.01 tóbi sí i. Ọmọdé tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yóò ní kí ẹ̀rọ tún gé e sí i, nígbà tó bá sì tutù, yóò ti kéré jù, kò sì sí ẹni tó lè dá irin tí a ti gé padà sára. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ gùn máa ń yẹ̀ fún ọ̀bẹ, tí orí rẹ̀ yóò fi tóbi ju ìdí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni a kọ fún ẹ̀rọ. Nígbà tí ohùn gígé bá sì yí padà, ọwọ́ rẹ̀ a ti dé orí bọ́tìnnì kí ọ̀dọ́ tó gbójú sókè. Bí ó bá ní kí a tún gé ẹyọ kan ṣoṣo wò kí a tó ṣe ọgọ́rùn-ún, ẹ má pè é ní aláìgbọ́n: alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Mo gbà pé ọwọ́ ènìyàn kò lè bá ẹ̀rọ yìí díje. Gáìdì kìíní lè dára lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi di ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ a ti kú, ojú a ti ṣú. Ẹ̀rọ kò mọ àárẹ̀, àfi bí iná ọba bá lọ lójijì láàrin gígé, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà ló ń kọ àṣẹ náà fúnra rẹ̀ báyìí. Lóòótọ́ ni; ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé irú irin wo, ọ̀bẹ wo, kí ó jìn tó mélòó? Kí ni ọmọ tó ra irin láìsí ìwé ẹ̀rí ní ọjà Owódé Onírin fẹ́ fi dá a lóhùn? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, kí àwọn onílé iṣẹ́ fi àgbà àti ọ̀dọ́ sídìí ẹ̀rọ kan, kí owó àgbà má sì dín nítorí pé kò mọ G71 yàtọ̀ sí G76. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan CNC kí ó tó fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gé irin títí etí rẹ̀ yóò fi mọ ohùn rẹ̀. Ohun kan tún kù. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sáàrin àmì àkámọ́ kò kan gígé rárá. Ibẹ̀ ni kí ọ̀dọ́ máa kọ ohun tí àgbà bá sọ sí, ní Yorùbá, bí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ ní gba àmì ohùn: ibi tí a ti ra irin náà, ìyára tó gbà, ìyára tó kọ̀, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kí á lè mọ ẹni tí a ó lọ bi bí irú irin mìíràn bá dé.