Oògùn Tí A Kò Fowó Ṣe

Nígbà tí àwọn baba wa sọ pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ni í gbé, kì í ṣe oníṣègùn tí ń wá owó ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ẹnu lásán ṣèlérí ìwòsàn fún aláìsàn, tí kò sì fẹ́ tú àpò, ni wọ́n ń bá wí, ìbáà ṣe baba nínú ilé, ìbáà ṣe ẹni tí ó jókòó sórí àga ìjọba. Òwe yìí bá ọ̀ràn àwọn ọmọ wa tí oògùn olóró ti di bárakú fún mu régí, láti Ìkòròdú Ọ̀gá, ìlú ọmọ Elúkú mẹ̀dẹ̀n-mẹ̀dẹ̀n, títí lọ dé Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà, níbi tí Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti jọ ń gbé láti ìgbà Ọba Kòsọ́kọ́. Nítorí pé òfin tí ó ń mú wọn pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n òfin tí yóò ya ìdá kan pàtó sọ́tọ̀ nínú owó ìlú láti wò wọ́n sàn, a kò tíì rí i.

Ará Ìkòròdú kò lè tètè gbàgbé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, tí àjọ NDLEA, tí ń gbógun ti oògùn olóró, já wọ ilé kan ní àdúgbò Solebo, tí wọ́n sì bá kókéènì tọ́ọ̀nù 1.8 níbẹ̀, ẹrù tí wọ́n díye lé ní mílíọ̀nù 278 dọ́là owó Amẹ́ríkà, tí kò sì sí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo kókéènì tí àjọ náà ti gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlú gbọ́, ayé gbọ́, a sì pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kókéènì kì í ṣe ẹrù mẹ̀kúnnù. Kọ́ńdọ́ tí ń jẹun ní gáréjì àti ọ̀dọ́ tí ń wa yanrìn nínú ọ̀sà kò ní owó rẹ̀. Ohun tí ń jẹ àwọn wọ̀nyí run kò wọ́n: igbó, Kòlórádò, tírámádọ̀ tí wọ́n fi ń wá agbára iṣẹ́, ọtí inú ọ̀rá tí ó kéré débi pé ọmọ iléèwé lè fi í pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, àti àdàlù tí wọ́n ń pè ní gọ́tà-wọ́tà. Ìwádìí tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn oníṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, ìpín 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 nìyẹn, ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Èkó nìkan, ìpín náà jẹ́ 33, èyí tí ó ga ju ti ìpínlẹ̀ yòówù lọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba wa ti gbà pé pàṣán ni ìdáhùn. Ní ọdún 1966, àwọn ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá gbin igbó lè kú tàbí kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21, ẹni tí ó bá sì mu ún, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Ní ọdún 1984 wọ́n gbé òfin mìíràn dé, wọ́n mú un ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn, wọ́n sì fi í yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún 1985. Ní 1989 wọ́n dá NDLEA sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 pàápàá, Sẹ́nétì tún fọwọ́ sí i pé ikú ni kí ó jẹ́ èrè olówò oògùn olóró. Èmi kò sọ pé kí a má ṣe mú olówò o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, àti pé ẹni tí òùngbẹ oògùn ń gbẹ yóò máa rí ẹni tí yóò tà á fún un, bí a tilẹ̀ yìnbọn lójoojúmọ́.

Báwo ni a ṣe ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá láti ọdún 1907. Òmíràn wà ní Àró, ní Abẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ayé ń kan sáárá sí ní ọdún 1954, tí ó kó àwọn aláìsàn sí abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí ìbátan wọn lè wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn, kì í ṣe láàárín ògiri. Ọmọ Yorùbá ni ó ṣe èyí, nílẹ̀ Yorùbá, àwọn òyìnbó sì wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, lónìí, ìyá tí ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ní láti ti ọjà, kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Yábàá, kí ó san owó bẹ́ẹ̀dì, owó àyẹ̀wò, owó oògùn àti owó oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, orí òkè àdúrà tàbí ọ̀dọ̀ ààfáà ni ó kù, èmi kò sì ní pẹ̀gàn àdúrà láé, ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n ń fi de ọmọ ènìyàn mọ́ òpó ní ibòmíràn kì í ṣe àdúrà.

Ìjọba Èkó kò kúkú jókòó lásán. Ilé ìmúpadàbọ̀sípò tí wọ́n ń kó alágbe, aláìnílé àti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú sí ń bẹ ní Májídùn, ní Ìkòròdú, wọ́n sì ti dáwọ́ lé ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Kétu-Ẹ̀jìnrìn, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n bíríkì kì í wo ènìyàn. Owó oṣù nọ́ọ̀sì, oògùn inú àpótí àti olùdámọ̀ràn tí kò sá lọ sí ìlú òyìnbó ni ó ń wo ènìyàn, owó wọn sì gbọ́dọ̀ dé lọ́dọọdún, yálà gómìnà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ òfin ti wọlé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin tuntun NDLEA, nítorí pé àbádòfin náà fẹ́ kí àjọ náà máa mú nínú ohun tí ó bá gbà lọ́wọ́ àwọn olówò oògùn, bẹ́ẹ̀ àpò ìjọba ni ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ wọ̀. Mo gbà pẹ̀lú Ààrẹ dé ìdajì. Ẹni tí ń mú ènìyàn kò gbọdọ̀ máa jẹ nínú ohun tí ó bá bá lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ yóò máa wà lára ẹrù ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ìdajì kejì ni kò sí ẹni tí ó sọ: bí NDLEA kò bá ní gbà á, ta ni yóò gbà á? Òfin ọdún 2022 lórí èrè ìwà ọ̀daràn ti la àpò sílẹ̀ fún ilé, ọkọ̀ àti owó tí a bá gbẹ́sẹ̀ lé. Kí a kọ ọ́ sínú òfin pé ìdá kan pàtó nínú èyí tí ó bá ti ọ̀dọ̀ olówò oògùn wá yóò lọ tààrà sí ìtọ́jú àti ìdènà, lábẹ́ àwọn elétò ìlera, kì í ṣe lábẹ́ àwọn oníbọn.

Kì í ṣe ohun tuntun ni mò ń bèèrè. Òfin Ìlera ọdún 2014 ti pàṣẹ pé ó kéré tán ìpín 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọ àpò àgbà ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìlera ìpìlẹ̀. Òfin Ghana ti ọdún 2020 dá àpò owó sílẹ̀ fún ìmúbọ̀sípò àwọn tí oògùn ti wọ̀ lára. Òfin ìlera ọpọlọ tiwa tí Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 pàápàá dárúkọ àpò, àmọ́ dídárúkọ àpò yàtọ̀ sí fífi owó sí i. A ń gba owó orí lórí ọtí líle àti sìgá, a tilẹ̀ ń gba náírà 10 lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Kí ni kò jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ọtí ti bà jẹ́? Bí owó náà bá sì dé, kí ó má ṣe gbé Yábàá tán. Kí ó dé àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bí a ti ń gba ènìyàn kúrò lọ́wọ́ tírámádọ̀, kí olùdámọ̀ràn kan sì máa yí àwọn iléèwé girama ká, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, títí kan ilé ìwòsàn Kétu-Ẹ̀jìnrìn.

Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀, àwọn kan lára àwọn tí ń wá ìbò yóò sì tún fi owó igbó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa kí wọ́n lè bá wọn gbé àsíá kiri. Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí Sẹ́nétọ̀ Tòkunbọ̀ Abíru, tí ó ń ṣojú Ìlà-Oòrùn Èkó tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà nínú rẹ̀, àti àwọn ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó láti ẹkùn méjèèjì, sọ ìdá tí wọ́n fẹ́ kí a kọ sínú òfin náà fún wa, kí wọ́n sì dárúkọ ilé ìwòsàn alábọ́dé tí owó ọdún kìn-ín-ní yóò kọ́kọ́ dé.