Ọlájùwọ́n Kì í Ṣe «Ẹláìjúwọ̀n»: Ta Ló Ni Ìtàn Akíìmù?

Ìjà ni mo gbé wá lónìí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi parí rẹ̀ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́.

Oríṣi ènìyàn méjì ni mo fẹ́ bá wí lórí ọ̀rọ̀ Akíìmù Ọlájùwọ́n, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ayé ń pè ní Hakeem. Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí ó ń sọ pé ọkùnrin náà ti di ará Amẹ́ríkà, pé ohun tí ó ṣe níbẹ̀ kò kàn wá, pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn kejì ni àwọn tí ó ń lu àyà pé «ọmọ wa ni, ọmọ Èkó ni», ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe lórí pápá, ojú ara wọn ni wọn yóò máa wò. Àwọn àkọ́kọ́ ṣìnà. Àwọn kejì ló ń bí mi nínú jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló sọ fún mi pé Yorùbá kò lè gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀, pé bí èèyàn bá ti kúrò lórí «bọ́ọ̀lù», Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ kù. Mo ní kí ó jókòó. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyí.

Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 21, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1963. Mùsùlùmí ni àwọn òbí rẹ̀, òwò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń ṣe. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá, aṣọ́lé ni. Ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí pé ẹsẹ̀ tí aṣọ́lé fi ń fò sọ́tùn-ún sósì ni ó gbé lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́hùn-ún ní «Dream Shake» kò ju báyìí lọ: yóò ṣe bí ẹni tí ó ń lọ sọ́tùn-ún, ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ yóò tẹ̀ lé e, kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tan òun, ó ti yí sósì, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Ẹni tí ó ti wo ìjàkadì rí yóò mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1980 ló dé Yunifásítì Houston. Ní ọdún 1982, 1983 àti 1984 ni ẹgbẹ́ wọn wà lára àwọn mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje àwọn yunifásítì, wọn kò sì gba ife náà lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ alámọ̀dájú ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 1984, òun ni Houston Rockets kọ́kọ́ mú. Ipò kẹta ni wọ́n tó mú Michael Jordan. Ní ọdún 1986 ó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ dé àṣekágbá, Boston Celtics sì lù wọ́n. Ọdún mẹ́jọ ló kọjá kí ó tó tún padà débẹ̀.

Láàárín ìgbà náà, ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1990, ó kojú Milwaukee Bucks. Àmì 18 ni ó gbà. Ó gba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, ó gbé bọ́ọ̀lù ka iwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó sọ ọ́ wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó sì dènà bọ́ọ̀lù àwọn alátakò lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Kí èèyàn dé mẹ́wàá ní ọ̀nà mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà, àwọn mẹ́rin péré ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ NBA tí wọ́n ṣe é rí.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé ọdún 1994, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn náà ti dùn. New York Knicks ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú àṣekágbá, Houston lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ló ni ife. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà, 86 sí 84 ni Houston fi ń ṣíwájú, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. John Starks gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí àmì mẹ́ta ti wà. Bí ìyẹn bá wọlé, ó parí, New York gba ife. Ọlájùwọ́n na ọwọ́, orí ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà kò sì dé ibi tí wọ́n rán an. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje, Houston gba ife pẹ̀lú 90 sí 84. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù ní sáà, olùgbèjà tí ó pegedé jù, àti akọni àṣekágbá. Kò tíì sí ẹlòmíràn tí ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní sáà kan.

Ọdún 1995 tún le ju ti 1994 lọ. Ipò kẹfà ni Houston wà ní ẹkùn ìwọ̀-oòrùn. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó ti ipò tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gba ife NBA rí. David Robinson ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó pegedé jù lọ́dún náà, Ọlájùwọ́n sì fi ẹsẹ̀ tàn án títí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi jábọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na Orlando Magic ti Shaquille O'Neal ní 4 sí òdo. Nínú oṣù Kejì ọdún yẹn, ààwẹ̀ Ramadan ni ó ń gbà tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe akọni oṣù.

Ó fi ẹ̀yìn tì ní ọdún 2002, lẹ́yìn sáà kan ní Toronto. Àmì 26,946, bọ́ọ̀lù àtapadà 13,748, ìdènà 3,830. Títí di òní kò sí ẹni tí ìdènà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dikembe Mutombo ọmọ Kóńgò ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú 3,289. Ní òtítọ́, sáà 1973 sí 1974 ni NBA ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ka ìdènà, nítorí náà àwọn ará àtijọ́ bíi Bill Russell kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ yin ọmọ rẹ̀ kò ní láti purọ́ mọ́ baba ẹlòmíràn. Ní ọdún 2008 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn àwọn olókìkí ní Springfield.

Gẹ̀ẹ́sì dà níbẹ̀? Àfi orúkọ àwọn ẹgbẹ́ àti ti àwọn ènìyàn.

Ó wá ku àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ odò àti orísun. Òótọ́ ni pé ní ọdún 1993 ló gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tí ó sì bá wọn gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta ní ọdún 1996. Wúrà yẹn, ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ má ṣe kà á mọ́ ti Nàìjíríà, olè ni. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí asíá Nàìjíríà gbà, kí ó lọ yin àwọn obìnrin D'Tigress tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan jókòó sí Ìjòun níhìn-ín kí ó sọ pé ìwé ìrìnnà ló ń sọ ẹni tí èèyàn jẹ́, ẹ̀rín ni ó ń pa mí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó tí wọ́n fa ilà. Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, àwa bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò bi wá. Láti ìgbà náà, ìwé Olómìnira Benin ni àwọn mọ̀lẹ́bí wa kan ń mú lápò, wọ́n sì ń fi oríkì kan náà kí ọmọ wọn bí a ti ń fi kí tiwa. Bí ilà tí a kò fà kò bá lè sọ ará Kétu di àjèjì sí wa, ìwé kan tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ní Amẹ́ríkà kò lè sọ Ọlájùwọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ni ó kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti bá ẹgbẹ́ kejì jà. «Akeem» ni wọ́n ń kọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1991 ni ó ní kí wọ́n dá H padà síwájú rẹ̀. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan bú u pé ó sọ orúkọ Yorùbá nù nítorí ti Lárúbáwá. Ẹ rọra. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní H: a ní ihò, a ní ìhà, omi sì ń hó. Ṣùgbọ́n H ọ̀nà ọ̀fun ti Lárúbáwá kì í ṣe tiwa, nítorí náà ni Hamza fi di Àmúsá, tí Habib di Àbíbù, tí Hakeem sì di Akíìmù. Méjèèjì ló dára, olórúkọ ló sì ni ẹ̀tọ́ láti yàn. Àwa tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, tí a ní Yewa ni a fẹ́ máa jẹ́ ní àwọn ọdún 1990, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Ohun tí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti bàjẹ́ ni Ọlájùwọ́n. Ọlá jù wọ́n. «Jù» jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ a máa gòkè sí àárín níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n kì í yí padà níwájú arọ́pò orúkọ bíi «wọ́n». Akéde Amẹ́ríkà tí ó ń pè é ní «Ẹláìjúwọ̀n», mo foríjì í. Akéde tí ó jẹ àmàlà dàgbà tí ó tún ń fara wé e ńkọ́?

Ti Giannis tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ baba rẹ̀. Athens ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1994. Gíríìkì òde òní kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún ìró «d» tàbí «b», lẹ́tà méjì méjì ni wọ́n ń so pọ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n tún dá a padà sí lẹ́tà tiwa, ó di Antetokounmpo. Orúkọ adé tí ó ti òkun bọ̀ ló ré òkun kọjá, tí ó sì ṣe báyìí padà dé! Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin akọ̀ròyìn Yorùbá kọ Adétòkunbọ̀. Ọkùnrin náà gba àmì 50 lálẹ́ ọjọ́ tí Milwaukee gba ife ní ọdún 2021. Àwọn mẹ́ta péré ló ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti olùgbèjà tí ó pegedé jù ní sáà kan náà: Jordan ní 1988, Ọlájùwọ́n ní 1994, Adétòkunbọ̀ ní 2020. Méjì nínú mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, a kò sì lè pe èyíkéyìí dáadáa lórí rédíò.

Àwọn kan yóò ní «bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀» kò bọ́gbọ́n mu, pé àwọ̀n tí kò nídìí ni wọ́n ń jù ú sí. Apẹ̀rẹ̀ èso ni Naismith kàn sókè nígbà tí ó dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield ní ọdún 1891, apẹ̀rẹ̀ tí ó ní ìdí, tí wọ́n ní láti gun òkè lọ yọ bọ́ọ̀lù kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà alápẹ̀rẹ̀ ni èmi yóò máa wí. «Ìdènà» tí mo lò lókè ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ojú ọ̀nà la ń dènà, bọ́ọ̀lù inú afẹ́fẹ́ sì ni ọkùnrin yìí ń gbá nù. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí ó sì fi àmì ohùn sí i.