Ajá Tí Wárápá Ń Ṣe Kì Í Ṣe Ajá Dìgbòlugi

Ní Fìdítì, ní Ìlọrà, àti ní gbogbo abúlé tí ó yí wọn ká, ajá kò ṣọ̀wọ́n ní àgbàlá àgbẹ̀ àti ti ọdẹ. Òun ni ó ń ṣọ́ oko ọsàn àti oko ọ̀pẹ òyìnbó lọ́wọ́ olè, òun ni ó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀yà nínú igbó, òun ni ó sì ń jí onílé lóru. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ajá yìí bá ṣubú lulẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n, tí itọ́ sì ń hó lẹ́nu rẹ̀, igbe kan náà ni a sábà máa ń gbọ́: "Dìgbòlugi! Ẹ mú kùmọ̀ wá!" Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ajá ti kú. Èrò wa ni pé kò yẹ kí ó máa rí bẹ́ẹ̀, àti pé ọwọ́ àwa tí a ní ajá ni àtúnṣe wà.

Wárápá kì í ṣe àìsàn ọmọ ènìyàn nìkan. Ó ń ṣe ajá pẹ̀lú, ọpọlọ ni ó sì ti ń wá. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń fi ètò ṣe a dàrú fún ìgbà díẹ̀, gbogbo iṣan ara a sì máa fà láìgba àṣẹ. Èyí tí ajá bí mọ́ni, tàbí tí a kò rí ìdí mìíràn fún, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ajá bá wà láàrín oṣù 6 sí ọdún 6. Kì í ràn rárá, ìbáà ṣe ajá ẹgbẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ènìyàn.

Dìgbòlugi ní tirẹ̀ ń ràn, itọ́ àti eyín ni ó sì ń gbà ràn. Ẹ wo ìyàtọ̀ wọn. Wárápá a dé lójijì, a sì máa ń lọ láàrín ìṣẹ́jú 1 sí 3. Ajá náà lè tọ̀ sára, ó lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó tilẹ̀ lè má dá olówó rẹ̀ mọ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò padà sí bí ó ti wà, yóò jẹun, yóò sì mu omi. Ajá dìgbòlugi kì í padà bọ̀ sípò. Ìwà rẹ̀ a yí padà, ohùn rẹ̀ a yí, àgbọ̀n rẹ̀ a já wálẹ̀, omi kò ní lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá, a sì máa rìn kiri, a máa bu ohunkóhun jẹ. Láàrín nǹkan bí ọjọ́ 10 tí àmì wọ̀nyí bá hàn, yóò kú. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, gìrì lè mú ajá dìgbòlugi náà, nítorí náà ojú lásán kò tó láti fi ṣe ìdájọ́.

Ohun tí ó ń dín iyèméjì kù ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1885, ni Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ sí í gún ọmọdékùnrin kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris, ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé a lè dí ọ̀nà mọ́ dìgbòlugi. Ajá tí a ń gún déédéé, tí ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ olówó rẹ̀, a lè fi sùúrù wò ó bí ó bá ṣubú. Ṣùgbọ́n ajá tí a kò gún rí, ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà fún un? Ẹni tí ó fi abẹ́rẹ́ du ajá rẹ̀ ni ó gbé kùmọ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́.

Bí ajá bá sì ti bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe yára pa ajá kí a sì sin ín. Bí a bá lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìsí ewu, kí a ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10 lójú dókítà ẹranko. Bí ara rẹ̀ bá le lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bu ènìyàn jẹ. Ajá tí a ti pa tí a sì ti sin kò lè jẹ́rìí.

Nígbà tí wárápá bá mú ajá, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò, ẹ fà á jìnnà sí iná àti ẹnu kànga, ẹ sì wo aago. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ tàbí ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí ajá kì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ẹ má ṣe da epo, kẹrosíìnì, tàbí àgbo sí i lọ́fun. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti fi hàn láti àwọn ọdún 1970 pé àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà, tí a ń fún ọmọ tí gìrì mú, lè pa ọmọ náà. Kò lè ṣe ajá ní rere. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí bí ó bá ṣe ẹ̀ẹ̀mejì láàrín ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà láìjáfara.

Kì í ṣe gbogbo ajá tí ó bá ṣubú ni wárápá ń ṣe. Òògùn eku lè fà á, òògùn tí a fi ń fín oko lè fà á, abo ajá tí ń fún ọmọ lọ́mú sì lè ṣubú nítorí pé èròjà eegun ti tán lára rẹ̀. Dókítà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn ẹranko wà, kò jìnnà sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọ̀nà kan náà tí a ń gbà kó ọsàn lọ sí ọjà.

Bí ó bá jẹ́ wárápá, tí ó sì ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrín oṣù 6, òògùn ni a ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a mọ̀ jù ni phenobarbitone, tí Dókítà Alfred Hauptmann ní Jámánì kọ́kọ́ fi tọ́jú ènìyàn tí wárápá ń ṣe ní ọdún 1912. Kò wo wárápá sàn pátápátá. Ó ń dín in kù ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni a ń lò ó, ní wákàtí 12 síra wọn. Òùngbẹ àti ebi yóò máa pa ajá náà jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, oorun yóò sì máa kùn ún. Dókítà yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. A kò gbọdọ̀ dá òògùn náà dúró lójijì nítorí pé ara ajá ti yá, nítorí wárápá lè padà wá pẹ̀lú agbára ńlá. Ẹ sàmì sí ọjọ́ tí ó bá ṣe é lára kàlẹ́ńdà yìí, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí ó gbà; àkọsílẹ̀ yìí ni dókítà yóò fi mọ̀ bóyá òògùn ń ṣiṣẹ́. Kí a má sì jẹ́ kí irú ajá bẹ́ẹ̀ bímọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé owó ọmọ ni òun ń wá, kì í ṣe owó òògùn ajá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Àwọn ajá kan wà tí òògùn kò ràn, àwọn olówó ajá sì wà tí apá wọn kò ká a. Bí ó bá di bẹ́ẹ̀, kí dókítà fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ ìsinmi. Ìyẹn yàtọ̀ sí kùmọ̀ àti òkúta ní ìta gbangba, lójú àwọn ọmọdé.

Ojú àwọn ọmọ náà ni ó jẹ wá lógún jù. Ní Ìgbò-Ọrà, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 fi hàn pé bí ènìyàn 5 nínú 1,000 ni wárápá ń ṣe. Àwọn kan ṣì ń sá fún itọ́ wọn, wọn kò sì jẹ́ bá wọn jẹun nínú àwo kan. Ọmọ tí ó bá rí i tí baba rẹ̀ dúró ti ajá tí ó ṣubú, tí ó wo aago, tí ó sì fún un ní òògùn rẹ̀ ní àsìkò, kò ní sá nígbà tí ọmọ ilé-ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣubú.