Ẹ Má Fi Àlébù Ọjà Pamọ́



Owó oṣù kò tó ná mọ́, nítorí náà ni púpọ̀ nínú wa ṣe ń ta ẹrù àlòkù lórí Facebook àti nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Hàlálì ni òwò. Ẹ̀tàn ni kò dára.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo ta fìríìjì mi. Ibi tí ó ń dán ni mo yà ní fọ́tò. N kò sọ pé kì í tutù dáadáa mọ́ bí ọ̀sán bá pọ́n. Ìyá kan tí ń ta omi tútù ni ó rà á. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá, kò pariwo, ó ní, "Alàájì, ẹ kò sọ fún mi." Oorun dá ní ojú mi.

Ànábì wa ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan rí, ó bá ọ̀rinrin ní ìsàlẹ̀. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sí òkè, kí àwọn ènìyàn lè rí i. Fọ́tò mi kò yàtọ̀ sí òkìtì náà.

Mo dá owó ìyá padà. Mo tún un polówó pẹ̀lú àlébù rẹ̀. Ẹlòmíràn sì rà á ní owó tí ó dín. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ya ibi tí ó bàjẹ́ náà ní fọ́tò. Kí Ọlọ́run fi alùbáríkà sí òwò wa. Àmín.