Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Bí ọwọ́ àgbàlagbà kan bá ń gbọ̀n nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí dídí bọ́tìnì ẹ̀wù wá di iṣẹ́ ńlá fún un, àwọn kan nínú ilé a ní ọjọ́ orí ni, àwọn mìíràn a ní ayé ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ àìsàn Parkinson. Inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ síra wọn ló wà nínú ọpọlọ. Ẹyọ kan kò lè dá nǹkan kan ṣe. Bí wọ́n ṣe so kọ́ra ni agbára wọn. Àwọn onímọ̀ wà tó jẹ́ pé ìsopọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń kà: ibo ló ń ránṣẹ́ síbo, oríta wo ni ọ̀nà púpọ̀ ti pàdé? Ẹni tó bá ti rí bí Yábàá, Mushin àti Sùúrùlérè ṣe máa ń há nílùú Èkó nítorí ọkọ̀ kan tó kọṣẹ́ ní oríta Ojúẹlẹ́gba mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá oríta.

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibi kékeré dúdú kan wà tó dà bí irú oríta bẹ́ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló ń ṣe èròjà dopamine, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ibi tó ń darí ìrìn àti ìṣesí ara. Nínú àìsàn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń kú díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ kéré, àmọ́ ìsopọ̀ rẹ̀ jìnnà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́, ẹsẹ̀, ohùn, títí kan ojú, fi ń yí padà.

Ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, nílùú Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ ipasẹ̀ ohun tó ń fa àìsàn náà. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wá yẹ tiwa wò. Lọ́dún 2023, wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Neurology pé àwọn rí ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, tó sì ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín òyìnbó. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan, ewu pé kí àìsàn náà mú un tó ìlọ́po 1.5 ti ẹni tí kò ní in. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ìlọ́po 3.5. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ní in ni àìsàn náà kò ní mú láéláé.

Jíìnì yìí ló ń mú kí ara ṣe èròjà tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Lára àwọn òyìnbó, ìyípadà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sábà máa ń ba èròjà náà fúnra rẹ̀ jẹ́. Tiwa kò bà á jẹ́. Ńṣe ló ń mú kó kéré. Nítorí náà, oògùn tí wọ́n bá ṣe láti tún èyí tó bàjẹ́ ṣe lè má ran ẹni tí tirẹ̀ kàn kéré lọ́wọ́.