Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Orúkọ Ìlú Wa Kọ́ Python

Gbogbo wa tí a ti kọ́ Python ní ọdún àkọ́kọ́ la mọ iṣẹ́ yìí: wọ́n á ní kí a yí "hello" padà kó di "olleh", kí a ka iye létà inú "computer", kí a to "apple", "banana" àti "mango" tẹ̀lé ara wọn. A ṣe é lórí fóònù ní yàrá wa ní Adó-Èkìtì, a ṣe é sórí pépà nínú ìdánwò, a gba máàkì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ti rọrùn jù. Ọ̀rọ̀ tí kò lámì kì í jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ rí ohun tí string jẹ́ gan-an.

Ẹ mú Ọ̀tún, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà. Ojú wa rí létà mẹ́rin. Bí ẹ bá bi len, ó lè sọ pé 5, ó sì lè sọ pé 7, kò sì purọ́. Nínú Unicode, Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ú náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ọ̀. Àmì ohùn orí rẹ̀ ní láti dá dúró. Bí kíbọ́ọ̀dù bá tún ya àmì abẹ́ O àti àmì orí u sọ́tọ̀, ó di 7. Ẹ wá yí i padà bí a ti yí "hello": àmì ohùn ìsàlẹ̀ á fi Ọ sílẹ̀, á lọ jókòó sórí t. Ta ló ń fi ohùn ìsàlẹ̀ pe t?

Èyí tó burú jù ni pé Ọ̀tún méjì tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọra bí ìbejì, kí == sì dáhùn pé False. O wá a nínú list, o ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Normalize inú unicodedata ló ń yanjú èyí. Ó bá Python wá ni, kò ná wa ní dátà.

Ẹ tún fi Adó, Ẹ̀fọ̀n, Ìjerò àti Ìkọ̀lé sínú list, kí ẹ pe sort. Bí Ẹ bá wà lódindi, tí a kò tú àmì kúrò lára rẹ̀, Ẹ̀fọ̀n á bọ́ sẹ́yìn Ìkọ̀lé, nítorí nọ́ńbà Ẹ ju ti Z pàápàá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ètò ABD ní láti to létà 25 wa sínú list fúnra rẹ̀, kí gb sì jẹ́ ẹyọ kan. Iṣẹ́ string àti list nìyẹn!

Àwọn kan á ní ó ti le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí a kúkú yọ àmì kúrò. Bí a bá yọ ọ́, owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ di owo kan náà. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ orúkọ tí bàbá wa sọ wá, tó ní létà inú rẹ̀ kò bófin mu, ènìyàn ló kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé irú kíláàsì wa yìí ló ti jáde.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà, ẹ fi irú ìbéèrè báyìí ránṣẹ́ sí wa. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, list kan ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè tiwa àkọ́kọ́ rèé: kọ function tó máa sọ pé létà márùn-ún péré ló wà nínú Ìgbàrà, kì í ṣe mẹ́fà.